Alàájì Tó Ń Ná Pẹnárítì

Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà, owó Cameroon, ni abọ́ àlùbọ́sà kan dà ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Dakar, ní Douala, lọ́dún tí ìjọba já iye owó wa sí méjì. Alàájì alálùbọ́sà, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kì í dín kọ́bọ̀. Bí oníbàárà bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Mo ti dín in kó o tó dé." Alàájì la ń pè é o, ṣùgbọ́n kò fojú kan Mẹ́kà rí.

Owó àlùbọ́sà yẹn ló fi dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwa ọmọ abúlé kan náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan, a kojú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ àdúgbò Bassa. Àdéhùn ni pé ẹni tó bá borí ni yóò gba bọ́ọ̀lù èkejì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo la ní. Ọ̀mì la ṣì wà nígbà tí eré fẹ́ parí, ni rẹfirí bá fún wọn ní pẹnárítì. Pápá wa kò ní ìlà, ẹsẹ̀ ló fi ń wọn ibi tí wọ́n máa ti gbá a.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ kúrú," ni Alàájì wí. "Fi mẹ́ta kún un."

"Pàpá, òfin ni."

"Ó dáa, méjì. Nítorí Ọlọ́run."

Rẹfirí rẹ́rìn-ín títí, ó fi ọ̀kan kún un. Òmìrán Bassa gbá a, ó ba òpó, eré sì parí. A gbé bọ́ọ̀lù wa jó délé.

Lọ́jọ́ kejì, rẹfirí wá ra àlùbọ́sà. "Pàpá, ẹ rántí ẹsẹ̀ tí mo fi kún un lánàá. Ẹ dín in fún mi."

Alàájì wò ó tàánútàánú. "Mo ti dín in kó o tó dé."

Ẹ̀rín ń pa mí lọ níbi tí rẹfirí ti ń ka ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà sílẹ̀.