Ọṣẹ Ìyá Àsíátù àti Ìránṣẹ́ Tó Kọ̀ Láti Yọjú

Àsíátù, ọmọ Fàdílátù ọlọ́ṣẹ ní ọjà Makola, kò gbà pé ohun kan wà láyé tí ọṣẹ dúdú ìyá òun kò lè fọ̀. Àwọn ará Accra ń pè é ní alata samina, ọṣẹ àwọn Aláta, ìyẹn àwa Yorùbá. Wọ́n ní ìyá náà fi fọ aṣọ ọ̀gá ṣọ́jà kan rí, gbogbo àmì oyè èjìká rẹ̀ bá omi lọ, ọkùnrin náà relé bí ará ìlú lásán!

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Àsíátù ríṣẹ́ sí yàrá ìwádìí kan ní yunifásítì, tó rí ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ ìgò níbẹ̀, ó yínmú, ó gbé ọṣẹ ilé wá.

Bakitéríà ni wọ́n ń wò, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Bí irin bá wọ́n nínú omi tó ń gbé, ìnira dé bá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ìránṣẹ́ kan, RNA kékeré, tó máa ń yọjú kìkì nígbà tí irin bá wọ́n. Àwọn RNA mìíràn a máa gbé àṣẹ jáde láti inú jíìnì pé kí wọ́n ṣe báyìí, kí wọ́n ṣe tọ̀hún. Èyí kò gbé àṣẹ kankan. Ńṣe ló ń lọ dì mọ́ àwọn àṣẹ tó ń ná irin, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè kà wọ́n mọ́.

"Ó dà bí ìgbà dumsor," Àsíátù ṣàlàyé nílé, ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ káàkiri Ghana. "Tí a bá tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, ṣebí ẹ máa ń pariwo pé kí ẹnì kan lọ pa fíríìjì, kí gílóòbù lè ráàyè tàn? Ẹni yẹn ò dá iná kankan sílẹ̀. Pípa ni tiẹ̀."

"Iṣẹ́ ọ̀lẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Abájọ tó fi jẹ́ ìwọ ló máa ń ṣe é."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìránṣẹ́ náà kò yọjú. Àsíátù á fi ebi irin pa kòkòrò, á ya àwòrán tó yẹ kí ìlà dúdú hàn nínú rẹ̀ bí ìránṣẹ́ bá wà níbẹ̀. Àwòrán á mọ́ kedere bí ojú ọ̀run ọ̀gbẹlẹ̀.

"Àsíátù," ni Dókítà Afua, ọ̀gá rẹ̀, wí, "tí ìlà yìí ò bá yọ kí oṣù yìí tó parí, màá gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn o."

Àsíátù káwọ́ lérí. Ta ló ń yọ́ irin fún wọn jẹ? Ó pààrọ̀ omi, ó pààrọ̀ iyọ̀, pàbó. Lọ́jọ́ kan, ìgò fífọ̀ tán. Ó já páálí tuntun, ó fa ìgò tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ̀ rí yọ. Nínú àwòrán ọjọ́ yẹn, ìlà kan ṣoṣo yọ, ó dúdú bíi tìróò. Ti ìgò tuntun ni.

Ó wo ìgò. Ó wo kànìnkàn. Ó wo ọṣẹ. Eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sè nínú ìkòkò irin tó ti dípẹtà!

"Yéè! Màámi ló ń bọ́ wọn!"

Dókítà Afua rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin Aláta! Ẹ kó ọṣẹ wá bá wa, kò tó yín, ẹ tún fi ń bọ́ kòkòrò wa!" Ó nu ojú. "Ó dáa. Fi hàn mí."

Wọ́n rẹ gbogbo ìgò sínú ásíìdì títí irin fi kúrò lára wọn. Ìlà dúdú yọ nínú àwòrán gbogbo wọn. Àsíátù wá kán omi ọṣẹ sínú ìgò kan; tìyẹn nìkan ni ìlà rẹ̀ pòórá. Ìránṣẹ́ ti gbọ́ pé irin dé. Iṣẹ́ kò sì kúrò lọ́wọ́ Àsíátù mọ́.

"Ọṣẹ mi ba iṣẹ́ jẹ́?" ni ìyá bi í nílé. "Ṣé ìgò ò mọ́ ni?"

"Ó mọ́, Màámi. Irin inú ẹ̀ ló ń bọ́ àwọn kòkòrò."

Ìyá rò ó wò. "Ṣé wọ́n sanra?"

"Wọ́n sanra dáadáa."

Nígbà tí Àsíátù bá a ru ọṣẹ lọ sí Makola, ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó: "Ẹ wá ra ọṣẹ alágbára! Àwọn dókítà yunifásítì ti yẹ̀ ẹ́ wò! Kódà, àwọn kòkòrò—"

Àsíátù sáré fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.