Ìgò Wáìnì Funfun tí Mo Gbé láti Kútọnu dé Ìdọ̀fin

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi gbéra ní Kútọnu, ẹ̀yin ará ilé, èmi àti ìgò kan tí mo fi tówẹ́ẹ̀lì tútù wé. Ọtí inú rẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè ní fẹ́n búláà, ìyẹn wáìnì funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti koríko gbígbẹ. Télọ̀ ni mí, ọdún mẹ́ta ni mo fi ránṣọ níbẹ̀. Ìgò yìí ni mo fẹ́ fi tọrọ Ṣadé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Ìdọ̀fin. Bàbá yìí ti dá ọtí ọkùnrin méjì padà, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti dá ọtí ẹni padà, ọ̀rọ̀ ìyàwó ti tán nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò purọ́.

Dọ̀sú, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe kúkù fún òyìnbó kan, ló sìn mí dé ìdíkọ̀. Ó ní, “Ẹ má mu ún lásán o. Ẹja ni kẹ́ ẹ fi mu ún, tàbí wàrà, tàbí adìẹ tí kò ní ata. Kó sì tutù. Ata ló máa bà á jẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń se adìẹ láìfi ata sí i nílé wa?

Ọkọ̀ wa gba Àjàṣẹ́ dé ẹnu ibodè, níbi tí aṣọ́bodè ti gbé ìgò mi yẹ̀ wò títí. Ní Èkó mo wọ rélùwéè. Gbogbo ibi tó bá dúró ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ rẹ tówẹ́ẹ̀lì mi sómi, títí obìnrin kan fi bi mí bóyá ọmọ ni mo gbé. Ní Ọ̀fà, mo san ṣílè mẹ́ta fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Òsí. Ọ̀nà Kútọnu ní ọ̀dà; eruku pupa ọ̀nà tiwa bò wá láti orí dé ẹsẹ̀. Awakọ̀ ní, “Ọ̀gá télọ̀, ẹ fara dà á. Ọ̀nà yìí náà á dára.” Mo gbà á gbọ́.

Láti Òsí ni mo ti dé Ìdọ̀fin. Adẹ́mu ni bàbá Ṣadé láti kékeré. Nílé wa, a máa ń tọ́ ọtí ìtọrọ wò kí oúnjẹ tó dé, èmi náà sì bu ún fún wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Dọ̀sú ti fò lọ lórí mi. Bàbá fẹnu kàn án, ojú wọn sì yí padà.

“Ọmọ mi, ẹmu yèé ti kan. Ulé mi lo gbé ẹmu kíkan wá?”

Ẹ mọ ohun tí ẹmu kíkan túmọ̀ sí níbi ìtọrọ: ẹni tó gbé e wá ka ọmọ wọn sí àjẹkù. Ṣadé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sorí kọ́. Ìyá rẹ̀ ti ń gbé iyán àti ọbẹ̀ pupa bọ̀. Àfi bí ẹni pé Dọ̀sú pariwo sí mi létí.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọbẹ̀ dúró. Ṣé a lè rí wàrà, àti ẹja tí a fi iyọ̀ nìkan yan?”

Ṣadé ti sáré lọ sí àgọ́ àwọn Fúlàní lẹ́yìn ilé kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ri ìgò bọ inú àmù kó lè tutù. Nígbà tó yá, oúnjẹ dé iwájú Bàbá. Wọ́n jẹ wàrà, wọ́n mu díẹ̀. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n tún mu.

Wọ́n ní, “Kò kan. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyí. Ọ̀pẹ wo ni?”

“Èso àjàrà ni, Bàbá. Wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ fún ọdún.”

“Ọdún? Ẹmu tèmi kì í di ọ̀la kó tó kan.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn. “Ṣadé, ṣé kí n mu ún tán?”

“Ẹ mu ún, Bàbá.”

Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé kí n máa gbọ́ràn sí kúkù lẹ́nu. Nígbà tí mo délé wa ní Ìlọ́fà, ìyá mi jáde wá pàdé mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Mo na ìgò sí wọn. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọn kò rí ẹ̀kán kan kó jábọ́, ni wọ́n bá bú sẹ́kún ayọ̀.