Ẹ̀rọ Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fọwọ́ Sí

Òórùn ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ àgbàdo ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹja kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ mi lára débi pé ọkọ mi kì í jẹ́ kí n wọ yàrá kí n tó wẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ àwọn ẹ̀rọ wò, kí n sọ bóyá wọ́n ṣeé gbọ́kàn lé láti máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ka ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Nínú oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ ìlọ̀ ńlá bàjẹ́. Mo kọ ọ́ pé kò séwu, inú ọ̀gá sì dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò náà, mo lọ kí bàbá tó ń darí ẹ̀rọ náà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àìlà tán.

“Injiníà, ṣé ẹ ti jókòó tì í rí?”

Mo ní rárá. Ó fa àpótí kan fún mi. Kí wákàtí kan tó pé, ẹ̀rọ náà kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bàbá á sì jí i padà kí ènìyàn tó mu omi inú ọ̀rá kan tán.

“Ẹ kì í kọ èyí sílẹ̀ ni, sà?”

“Wọ́n ní ká má kọ èyí tí ò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohùn rẹ̀ náà ti yí padà. Mo sọ fún wọn, wọn ò gbọ́.”

Ojú tì mí. Mo lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n dá ẹ̀rọ náà dúró, kí wọ́n tú u. Ó ní òun lè wá injiníà mìíràn. Mo ní, “Mi ò lè fọwọ́ sí i, sà.”

Nígbà tó rí i pé mi ò yẹsẹ̀, ó gbà. Nígbà tí wọ́n tú u lọ́jọ́ kejì, ọ̀pá irin tó ń yí àwọn òòlù inú rẹ̀ ti là, ó ku díẹ̀ kó já. Ká ní ó já ni, ibi tí bàbá yẹn máa ń dúró sí gan-an ni ì bá fò gbà. Bàbá rọra ní, “Àlùhámúdù lílàhi.”

Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá pè mí sí, ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ lójoojúmọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi léèrè. Bàbá yẹn ló kọ́ mi. Nígbà tí mo gba Àgbọ̀wà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ìyàwó rẹ̀ kó ẹja yíyan lé mi lọ́wọ́, ó ń ṣàdúrà fún mi pé mo gba ọkọ òun là. Èmi nìkan ni mo mọ bí gègé ṣe sún mọ́ ìwé náà tó.