Ẹnu Wọn Ò Kò

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọdún tí àbúrò mi obìnrin ti Àbíjàn dé ni ilé wa ní Èjìgbò dùn mọ́ mi jù. Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń jí láràárọ̀. Bí ó bá ń gbálẹ̀, Faransé ni yóò máa fi bá àwọn adìẹ jà.

Kókó inú ọmú òsì ló gbé e wálé. Nílé ìwòsàn ńlá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn dókítà tó ń fi awò wo ẹran ara ni yóò sọ bóyá jẹjẹrẹ ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ọmú náà.

Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó bá a wá láti Àbíjàn, ló lọ gbọ́ èsì. A ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó pè. Àbúrò mi fi í sí sípíkà, ṣùgbọ́n fóònù ń já.

"Dókítà méjì ló wò ó. Ẹnu wọn... kò."

Àbúrò mi ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìnálílàhì! Ẹnu wọ́n kò! Jẹjẹrẹ nìyẹn. Sé finì, Ẹ̀gbọ́n mi, ó parí. Wọ́n máa gé e."

Mo gba fóònù. "Àna mi, ṣé ẹnu wọ́n kò ni, àbí ẹnu wọn ò kò? Ẹ sọ gbólóhùn náà kó pé."

"Wọn ò fẹnu kò, Ẹ̀gbọ́n! Ọ̀kan ní jẹjẹrẹ ni. Èkejì ní kò tíì dé bẹ́ẹ̀, ara ibẹ̀ kàn ń yí padà ni. Wọ́n fẹ́ pe ẹnì kẹta sí i."

"Ṣé ẹ gbé abẹ́rẹ́ mì ni, tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀?" Àbúrò mi pariwo mọ́ ọn. Ó wá kọjú sí mi. "Ẹran kan náà! Ọ̀kan nínú wọn ń parọ́."

"Irọ́ kọ́." Mo wá sọ ti ilé ẹ̀kọ́ Ìsùndúnrìn fún un, níbi tí èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ọkùnrin kan ti máa ń jọ máàkì àròkọ lábẹ́ igi máńgòrò. Èyí tó dára gan-an kì í fa àríyànjiyàn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó burú gan-an. Ti àárín ni wàhálà: mo ní ó yege, òun ní kò yege. Ojú wa kò fọ́. Àròkọ náà ló jókòó sórí ààlà. Òórùn máńgòrò pípọ́n ṣì ń ta sí mi nímú, mo sì ṣì ń gbọ́ ohùn ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn: "Ẹ jẹ́ ká jọ tún un kà."

"Èmi ni wọ́n ń máàkì báyìí," àbúrò mi ní. "Ọlọ́run, jẹ́ n yege o."

Ẹnì kẹta dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ tún un wò, wọ́n sì gbà pé kò tíì di jẹjẹrẹ. Kókó náà nìkan ni wọ́n yọ; wọ́n ní kó máa wá fara hàn wọ́n lọ́dọọdún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbé e wálé láti ilé ìwòsàn, àbúrò mi jókòó tì mí, ó gbọ́wọ́ lé ọmú òsì lórí aṣọ, ó sunkún. Mo jẹ́ kó sunkún. Ó ti padà sí Àbíjàn báyìí, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.