Télọ̀ Tó Ń Béèrè Ẹsẹ̀

Bí a bá ti dárúkọ olóògbé télọ̀ àdúgbò wa, ọ̀rọ̀ ìpàdé ilé-ìwé ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ, nítorí náà ibẹ̀ ni èmi náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, tòun ti bàtà dídán àti páálí fífẹ̀ kan tó gbé kọ́ ara ògiri kíláàsì. Ó ní wọ́n fẹ́ ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa pa nítorí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ń tán lọ. Òpó mẹ́rin ló yà sórí páálí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan. Ti ọdún kìíní ga tó ìdajì ilẹ̀kùn. Ti ọdún kẹrin kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Ilé-ìwé kejì jìnnà. Kò sí bí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí agogo tó lù. Inú ń bí mi títí di òní tí mo bá rántí bí ọkùnrin yẹn ṣe dúró síbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá.

Télọ̀ dìde. Téèpù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe máa ń wà lójoojúmọ́. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lọ síwájú, ó wọn òpó àkọ́kọ́, ó wọn èyí tó kẹ́yìn, ó wá yíjú sí àlejò wa.

"Ọ̀gá, ọmọ mélòó ló wà níbí lọ́dún kìíní?"

"Igba ó lé mẹ́jọ, Bàbá."

"Lọ́dún tó kẹ́yìn ńkọ́?"

"Igba ó lé ọ̀kan."

"Òpó ti igba ó lé mẹ́jọ, ogójì ínṣì ni. Ti igba ó lé ọ̀kan, ínṣì márùn-ún péré. Èwo wá ni ti ìlọ́po mẹ́jọ?"

Ọ̀gá náà ṣàlàyé pé orí igba ni àwòrán náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ìyàtọ̀ lè hàn dáadáa, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì nìyẹn.

"Ẹsẹ̀ wọn dà?" ni Télọ̀ bi í. "Igba ọmọ lẹ bò mọ́lẹ̀ yìí, ẹ wá ń sọ fún wa pé ọmọ ń tán."

Ó ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ínṣì márùn-ún fún ọmọ kan, igba ọmọ jẹ́ ẹgbẹ̀rún ínṣì. Ògiri kankan ò lè gbà á. Ló bá kó gbogbo ìpàdé jáde sí àgbàlá oníṣìmẹ́ńtì, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìdí ògiri lọ. Ó tẹ́ téèpù, ó gbé e, ó tún un tẹ́, ìgbà mẹ́tàdínlógún ó lé fún òpó kan ṣoṣo. Nígbà tó parí, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sùn sílẹ̀ bákan náà, àfi kéèyàn rìn dé orí wọn lọ́ọ̀ọ́kán kó tó mọ èyí tó gùn jù.

Ọ̀gá ní bó ti wù kó rí, ọmọ méje ṣáà ti dín. Télọ̀ gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù, ó sì yọ ìwé ìwọ̀n oníbàárà rẹ̀ lápò, ó ṣí i.

"Mo mọ̀ wọ́n. Mẹ́fà jẹ́ ọmọ káfíńtà tó kó lọ. Ẹnì keje ni ọmọ tiyín, ọ̀gá. Ínṣì mẹ́rìnlélógún ni àyà rẹ̀ kí ẹ tó mú un lọ sí ilé-ìwé ibòmíràn."

Ọ̀gá náà ká páálí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Télọ̀ ní Ẹsẹ̀-Dà.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé onígbéraga ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tí ìṣirò ti dójú tì rí ni, ojú ò sì tún fẹ́ tì í mọ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé ọgbọ̀n ọmọ fún un. Ó wọn gbogbo wọn, ó pa ìwọ̀n wọn pọ̀, ó pín in sí ọ̀nà ọgbọ̀n, ó sì rán ọgbọ̀n aṣọ lórí ìwọ̀n kan ṣoṣo náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́, àwọn kan ń fi aṣọ gbálẹ̀, ìdodo àwọn kan sì wà níta. Télọ̀ ta kú. Ó ní kí màmá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà tún ìṣirò òun ṣe wò. Màmá náà ní òun ti tún un ṣe, ó pé pérépéré, ọmọ kan ṣoṣo tí aṣọ náà bá mu lòun ṣì ń wá.

Ó tú ọgbọ̀n aṣọ náà palẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìwọ̀n rẹ̀ di ohun tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù. Olúkúlùkù ní ojú ìwé tirẹ̀, ọdún ní ìsàlẹ̀ ọdún, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Kò gba nọ́ńbà tí a kò mọ ẹni tó ni ín gbọ́. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kan wá bá a jà pé ṣòkòtò tó rán ti súnkì lẹ́yìn ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Télọ̀ ò jiyàn. Ó kàn bu omi mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbàdí ọkùnrin náà sókè láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, lójú gbogbo oníbàárà. Kó tó dé ọdún keje, akọ̀wé ti gbé ṣòkòtò rẹ̀, ó ti lọ.

Ẹ má rò pé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ gbàgbé wa. Ọdún yí po, ọ̀gá yẹn tún dé, ó mú àwòrán tuntun dání: ọmọ kékeré kan fún ilé-ìwé wa, ọmọ gìrìwò kan fún ilé-ìwé kejì, tí iye ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tiwa. Télọ̀ wò ó, ó ní wọ́n fà á gùn ní ìlọ́po méjì, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì, aṣọ tí yóò bo èyí ńlá yóò sì gba ìlọ́po mẹ́rin èyí kékeré. "Méjì lẹ sọ lẹ́nu, mẹ́rin lẹ yà." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Télọ̀ kórìíra òwe yẹn. Ó ní kí ló dá òtítọ́ dúró fún ogún ọdún?

Ilé-ìwé náà wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀gá yẹn ò padà wá mọ́.

Àìsàn ló wá mú Télọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gbé bàbá rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Àyà ìyá rẹ̀, ìyàwó Télọ̀, ò balẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń béèrè bóyá ọkọ òun ń rù. Nọ́ọ̀sì wá ya gíráàfù kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó gbé orí gíráàfù náà ga kọjá ibi tí ìwọ̀n ènìyàn kankan lè dé nílé náà, ìlà tó ń lọ sílẹ̀ sì wá dà bí ẹni pé ó kàn tẹ́jú ni.

Télọ̀ dìde jókòó. Ó na ọwọ́ mú téèpù. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé òun di ojú nítorí pé òun mọ ohun tó máa sọ. Ọkùnrin tó tú ìpàdé ká nítorí ọmọ méje, ṣé ara tirẹ̀ ni yóò wá jẹ́ kí wọ́n fi purọ́? Ó wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ pé," ló sọ, ó sì ká téèpù náà.

Oṣù kan lẹ́yìn tó kú ni wọ́n ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀ tó kẹ́yìn. Lójú ìwé tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà, ó ti ń kọ ìbàdí ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé: méjìdínlógójì, mẹ́rìndínlógójì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n. Kò ya àwòrán kankan sí i. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí ìyá òun foríji òun, gíráàfù ara ògiri yẹn, ìtànjẹ ni.

Ìyá rẹ̀ fà á dìde.

"Mo mọ̀," ló ní. "Orí rẹ̀ ti ga jù. Ta lo rò pé ó ń bá a dín ṣòkòtò rẹ̀ kù?"

Gíráàfù náà ṣì wà lára ògiri, ìyàwó Télọ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a. Ó fi téèpù ọkọ rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.