Òdòdó Méje Tí Orpha Fà Tu

Ogún ọdún ni Orpha Tuttle fi fọ àwo nílé oúnjẹ etí títì, ṣùgbọ́n kò sí ewéko kan nínú aṣálẹ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, á fi àyà lélẹ̀ lórí iyanrìn, á gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú.

“Màmá, kí lẹ̀ ń wá nílẹ̀?” Clete ọmọ rẹ̀ á bi í.

“Ọpọlọ rẹ tó já bọ́ ni.”

Ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ to pátákó sólà tó ń fi oòrùn ṣe iná bo gbogbo pápá náà. Clete gan-an ni wọ́n gbà láti wa katapílà. Ìgbà ọ̀dá ni àwọn ayẹlẹ̀wò ìjọba ti wá wo ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ewéko ṣọ̀wọ́n kankan níbẹ̀. Ta ní ń wá òdòdó lọ́dún ọ̀dá?

Lẹ́yìn náà, Ọlọ́run rọ òjò. Lóṣù kẹta, Orpha rí òdòdó funfun kan tí kò tó bọ́tìnnì ẹ̀wù, ìdí méje péré. Ó jọ èyí tó kún ibi gbogbo, àfi pé irun wà lábẹ́ ewé rẹ̀, àmì pupa sì wà nínú òdòdó náà lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ èyí tó rò ni, irú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, òfin yóò dá katapílà dúró.

Ó pe Dókítà Ibarra, tó ń tọ́jú ewéko gbígbẹ fún ìwádìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

“Ẹ mú un wá tòun ti gbòǹgbò, Màmá.”

Ẹ̀rù bà á pé wọn ò ní gba ọ̀kan gbọ́. Ó fa méjèèje tu, ó fi Bíbélì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ó wakọ̀ wákàtí mẹ́ta.

Dókítà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “Òun gan-an ni! Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Mélòó ló kù níbẹ̀?”

Orpha ń wo bàtà rẹ̀.

“Màmá, mélòó ló kù?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n mú un wá.”

“Ọ̀kan ni mo ní lọ́kàn!”

“Ẹ ò sọ pé ọ̀kan.”

Ìjọba fẹ́ rí i láàyè lórí ilẹ̀. Wọ́n wá lọ́jọ́bọ̀, wọ́n rìn yíká, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀. Bóyá irúgbìn ṣì sùn sínú iyanrìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró de òjò mìíràn?

“Òdòdó lásán ni, Màmá,” ni Clete wí, bó ti ń wọ bàtà iṣẹ́.

Lóṣù kẹfà, kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òdòdó náà ránṣẹ́ sí Orpha: orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ibi tó ti hù. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: *Ẹni tó fà á tu: Orpha Tuttle.*

Ó fi ìwé náà sínú Bíbélì. Katapílà ọmọ rẹ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé.