Bí A Ṣe Pàdé Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Bàbá Télọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí nígbà tí wọ́n rán wa lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlá. A bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà níbẹ̀, àti àwọn tó ń kọ́ fisió, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń mú iṣan tó ti rọ ṣiṣẹ́ padà. Kálukú ló ń jókòó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi oúnjẹ. Ẹ káàárọ̀, ẹ káàárọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Wọ́n wá gbé bàbá télọ̀ kan dé láti Ọ̀rà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Bí a bá ti sún mọ́ ọn, á kọjú sí ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ yí bàbá padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà bá dúró tì mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń yí wọn. Wọn ò tíì kọ́ wa."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni. Ó ti ká ọwọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sókè. Bí a ṣe fẹ́ gbé bàbá, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ fisió sáré wá: "Ẹ má fa apá yẹn o, èjìká wọn lè yẹ̀." Ó fi bí a ó ṣe gbé e hàn wá.

Nígbà tí a ṣe tán, akẹ́kọ̀ọ́ dókítà náà lóṣòó ti ibùsùn. "Bàbá, kí ló ń dùn yín jù?"

Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé lọ́dọ̀ bàbá. Kí àwọn ọ̀gá tó dé, akẹ́kọ̀ọ́ dókítà yìí á bi wá pé, "Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn. Kí lẹ rí?" Mo sọ fún un pé bàbá máa ń húkọ́ tó bá mu omi. Nígbà tí dókítà àgbà dé, akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ọ́ fún un, pé omi lè máa ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró bàbá. Bí dókítà àgbà ṣe yìn ín pé ó lójú inú, akẹ́kọ̀ọ́ náà nawọ́ sí mi: "Nọ́ọ̀sì yìí ló rí i, sà." Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí mi. Orí mi wú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bàbá fi ọ̀pá rìn lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ dì í mú. Ọwọ́ náà kò padà tán, ṣùgbọ́n ó ti lè di aṣọ mú. Nígbà tó fi máa di àkókò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àga wa, ti nọ́ọ̀sì, ti dókítà, ti fisió, ti dàpọ̀ mọ́ra wọn.